Ta Ló Ni Ohùn Náà?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ìbéèrè kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi, mo sì bẹ̀ yín pé kí ẹ má ṣe kánjú dá mi lóhùn. Bí orin kan bá gbòde, tí ó ń dún nínú ọkọ̀ èrò, tí ó ń dún ní ìsọ̀ ẹni tí ń ta fóònù, tí gbogbo ènìyàn sì mọ orúkọ ẹni tí wọ́n kọ sí ojú àwo rẹ̀, ǹjẹ́ ó dá yín lójú pé ohùn ẹni náà ni ẹ ń gbọ́?

Ohun tí ó mú mi béèrè bẹ́ẹ̀ ni orin kan tí ó jáde ní oṣù kẹfà ọdún 2013, tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ "Wake Me Up". Ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden kan, tí ó jẹ́ díjéè, tí ó sì ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àgbéjáde orin, ni wọ́n pè ní olórin náà. Avicii ni orúkọ tí ó ń jẹ́ lágbo, orúkọ kan ṣoṣo yìí náà sì ni wọ́n kọ sí ojú àwo. Orin ijó ni. Wọ́n jó o ní Yúróòpù, wọ́n jó o ní Amẹ́ríkà, wọ́n jó o ní Ọsirélíà. Ṣùgbọ́n Avicii kò fi ẹnu ara rẹ̀ kọ gbólóhùn kan nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹni yẹn kan náà ni ó sì ṣe akitiyan ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ kò sí lójú àwo.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò sọ pé kí ni ti orin ijó àwọn òyìnbó nínú ìwé ìròyìn wa. Àríyànjiyàn lórí orin, èyí tí ó tọ́ àti èyí tí kò tọ́, wà láàárín àwọn onímọ̀, n kò sì ní bá wọn dá sí i lónìí. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ àti oníṣẹ́ ni mo gbé wá. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́, kí ni ó tọ́ sí i? Ẹni tí orúkọ bọ́ sí lọ́wọ́, irú ẹrù wo ni ó ń rù? Ẹni tí ó fẹ́ràn orin àti ẹni tí ó kórìíra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

Tim Bergling ni orúkọ tí àwọn òbí Avicii sọ ọ́. Ìlú Stockholm ni wọ́n ti bí i ní ọjọ́ 8, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1989. Láti ìgbà ọ̀dọ́langba ni ó ti ń jókòó sínú yàrá rẹ̀, tí ó ń fi kọ̀ǹpútà to ohùn lé ohùn. Orúkọ tí ó fi bo ti àbísọ mọ́lẹ̀ wá láti inú ẹ̀sìn Búdà. Ìsàlẹ̀ pátápátá ọ̀run àpáàdì ni wọ́n ń pè ní Avici níbẹ̀, òun sì fi lẹ́tà kan kún un nítorí pé ẹlòmíràn ti gba orúkọ náà ṣáájú rẹ̀ lórí Myspace. Eré ọmọdé ni. Àwa tí a máa ń sọ pé orúkọ a máa ro ọmọ ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ máa ń bà lẹ́rù.

Ní ọdún 2011 ni òkìkí rẹ̀ kàn gan-an, nígbà tí ó gbé orin "Levels" jáde. Nínú orin yẹn pàápàá, ohùn ẹlòmíràn ni ó gbé e gòkè, nítorí pé ó gé ègé kan láti inú orin tí obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà nì, Etta James, ti kọ ní ọdún 1962, ó sì fi ìlù ijó òde òní sí abẹ́ rẹ̀. Ohùn tí ó ti wà láyé kí wọ́n tó bí i ní ọdún 27 ni ó wá di ohun tí àwọn ọmọ ogún ọdún ń fò sókè sí.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ mi ní àgbọ́yé. N kò sọ pé ọ̀lẹ ni díjéè tí ń ṣe àgbéjáde orin. Àwọn kan gbà pé bọ́tìnnì lásán ni irú wọn ń tẹ̀, èmi náà sì ti rò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí ó bá ti jókòó ti ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ náà yóò mọ̀ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò yan bí ìlù yóò ṣe yára tó. Òun ni yóò mọ ibi tí ohùn yóò ti dá wà láìsí ìlù, àti ìṣẹ́jú àáyá tí gbogbo ìlù yóò padà wọlé lẹ́ẹ̀kan náà tí ara àwọn oníjó yóò fi ta gìrì. Òun ni yóò tún ohùn kan ṣe ní ìgbà àìmọye kí ó tó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Iṣẹ́ ọpọlọ ni, iṣẹ́ etí sì ni. Ohun tí mò ń sọ ni pé kì í ṣe iṣẹ́ ẹnì kan.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣe "Wake Me Up". Ènìyàn mẹ́ta ni òfin mọ̀ sí olùkọ̀wé orin náà. Avicii ni ọ̀kan. Èkejì ni Mike Einziger, tí ó ń ta gìtá nínú ẹgbẹ́ olórin Incubus. Ìpínlẹ̀ California ni wọ́n ti ṣe é. Orin gìtá ti wà nílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀, kò sì sí ohùn tí yóò gbé ọ̀rọ̀ náà. Ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ sí ẹnì kẹta, Aloe Blacc.

Aloe Blacc kì í ṣe ọmọdé nídìí iṣẹ́ náà. California ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1979, láti ọwọ́ àwọn òbí tí ó ti ilẹ̀ Panama wá. Ó ti ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì rí kí wọ́n tó dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ní ọdún 2010 ó ní orin tirẹ̀ tí ó gbòde, "I Need a Dollar", orin ẹni tí ń wá dọ́là kan ṣoṣo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi àkọlé yẹn sí ọkàn, a ó tún bá ọ̀rọ̀ dọ́là pàdé níwájú.

Nígbà tí orin náà parí, ó jọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ rí. Ìlù rẹ̀ ń lù ní ìgbà 124 láàárín ìṣẹ́jú kan gẹ́gẹ́ bí ti orin ijó, ṣùgbọ́n gìtá àwọn ará oko Amẹ́ríkà ni ó ṣí i, ohùn aláwọ̀ dúdú tí ó kún fún ìmọ̀lára sì ni ó wà láàárín. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Avicii gbé e lọ síwájú èrò níbi àjọ̀dún orin Ultra ní ìlú Miami. Ó kó àwọn onígìtá àti àwọn akọrin ènìyàn gidi jáde sórí pèpéle. Blacc wà níbẹ̀, ó sì kọrin. Inú àwọn èrò kò dùn. Ìlù ẹ̀rọ ni wọ́n wá gbọ́, wọn kò mọ ohun tí ẹni tí ń ta gìtá ń wá nínú àgbo wọn, ọ̀pọ̀ wọn sì bú u. Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà tí orin kan náà di ọba. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn ra ẹ̀dà rẹ̀ 267,000 ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ péré, ó sì bọ́ sí ipò kìíní. Ní Amẹ́ríkà ó dé ipò kẹrin lórí àtẹ Billboard. Títí di òní, iye ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ ọ lórí Spotify nìkan ti lé ní bílíọ̀nù méjì.

Nínú gbogbo ariwo yìí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń kọ orin náà lẹ́nu kò mọ̀ pé Aloe Blacc ni ó kọ ọ́. Fídíò tí wọ́n fi polówó rẹ̀ jáde, kò sí Blacc nínú rẹ̀. Obìnrin kan àti ọmọdébìnrin kan ni ìtàn inú rẹ̀ dá lé, a sì rí Avicii lórí pèpéle. Ẹni tí kò bá wá ìdí ọ̀rọ̀ yóò gbà pé ọmọ Sweden yẹn ni ó ń kọrin.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìdájọ́ òdodo. Àṣà iṣẹ́ náà ni, Avicii kọ́ ni ó dá a sílẹ̀. Láàárín àwọn díjéè, ẹni tí ó to orin pọ̀ ni olórin, wọ́n sì máa ń ka ohùn sí ohun èlò kan láàárín àwọn ohun èlò yòókù. Kò jí ohùn Blacc. Ó pè é ni, ó kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn olùkọ̀wé, ó sì mú un dání lọ sí Miami. Àwa náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo àwo orin ilẹ̀ wa láti ìgbà àpàlà dé ìgbà fújì: orúkọ ọ̀gá ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà, tí wọn yóò sì ní "àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀". Ta ni ó ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀? Ta ni ó gbe orin náà nígbà tí ọ̀gá ń mí? Ọ̀pọ̀ wọn darúgbó, wọ́n sì kú, láìsí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ju àdúgbò wọn lọ. Pé nǹkan jẹ́ àṣà kò sọ ọ́ di ẹ̀tọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí sì mọ ìyẹn ju ẹlòmíràn lọ.

Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣà yìí ti ṣe ohun tí ó burú ju ti Blacc lọ. Ní ọdún 1989, àwọn ará Italy kan tí ń jẹ́ Black Box gbé orin ijó kan jáde, "Ride on Time", òun sì ni orin tí ó tà jù lọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà. Ohùn Loleatta Holloway, obìnrin aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, ni wọ́n gé láti inú orin rẹ̀ ti ọdún 1980, wọn kò sì gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí ó tó àkókò láti fi ara han lórí tẹlifíṣọ̀n, ọmọge aláfihàn-aṣọ kan, Katrin Quinol, ni wọ́n gbé síwájú, tí ó ń ya ẹnu bí ẹni pé òun ni ó ń kọrin. Holloway wà láàyè, ó ń wo ohùn ara rẹ̀ lẹ́nu ẹlòmíràn. Àgbẹjọ́rò ni ó bá a gba ohun tí ó rí gbà.

Lọ́dún tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún Martha Wash. Òun ni ó fi ohùn rẹ̀ gbé orin "Gonna Make You Sweat" ti ẹgbẹ́ C+C Music Factory, orin tí ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1991. Obìnrin tí ó sanra ni Wash, obìnrin mìíràn tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi sínú fídíò láti máa ya ẹnu. Wash kò dákẹ́ ní tirẹ̀. Ó pe ẹjọ́, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí ní ọdún 1994. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ àwo orin ti ń ṣọ́ra láti kọ orúkọ ẹni tí ó bá kọrin gan-an. Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ojú àánú àwọn olówó ni ó mú àyípadà yẹn wá. Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ni ó dìde.

Ọ̀rọ̀ orúkọ nìyẹn. Ti owó wá ńkọ́?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, Aloe Blacc fúnra rẹ̀ kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn Wired. Ó ní láti ìgbà tí "Wake Me Up" ti jáde, wọ́n ti gbọ́ ọ ní Amẹ́ríkà ní ìgbà tí ó lé ní mílíọ̀nù 168 lórí Pandora, ilé-iṣẹ́ tí ń gbé orin sáfẹ́fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tí àwọn olùkọ̀wé orin náà rí lórí iye ìgbọ́ yìí jẹ́ dọ́là 12,359. Ènìyàn mẹ́ta ni yóò pín in, pẹ̀lú àwọn ilé-iṣẹ́ tí ń bójú tó ẹ̀tọ́ wọn. Ohun tí ó kan òun nínú rẹ̀ kò tó dọ́là 4,000.

Mo mú bírò, mo ṣe ìṣirò rẹ̀. Bí a bá gbọ́ orin náà ní ìgbà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí dọ́là 73 ni ó wọlé fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kí dọ́là kan ṣoṣo tó wọlé, a gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ ní ìgbà tí ó lé ní 13,000. Dọ́là kan náà rèé tí ó ń wá ní ọdún 2010!

Kí a má ba à pọ́n irọ́ lé òótọ́, kì í ṣe gbogbo owó tí Blacc rí lórí orin náà nìyẹn. Ọ̀nà méjì ni owó orin ń gbà wọlé. Ẹ̀tọ́ wà fún ẹni tí ó ṣẹ̀dá orin, ẹ̀tọ́ mìíràn sì wà fún àwo tí wọ́n gbà á sí. Owó tí ó ń ráhùn lé lórí jẹ́ ti ọ̀nà àkọ́kọ́, láti ilé-iṣẹ́ kan, ní orílẹ̀-èdè kan. Títà àwo wà lọ́tọ̀, òde ijó wà lọ́tọ̀. Òun kọ́ ni ẹni tí ebi ń pa jù nínú àwọn olórin, òun náà sì sọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀: bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí orin rẹ̀ gbajúmọ̀ káyé, kí ni yóò kù fún ẹni tí orin rẹ̀ kò jáde kọjá ìlú rẹ̀?

Ohun tí ó fà á ni pé òfin ti pẹ́ ju ẹ̀rọ lọ. Láti ọdún 1941 ni àwọn ẹgbẹ́ ńlá méjì tí ń gba owó fún àwọn olùkọ̀wé orin ní Amẹ́ríkà, ASCAP àti BMI, ti wà lábẹ́ àdéhùn pẹ̀lú ìjọba. Bí àwọn àti ẹni tí ń lo orin kò bá fi ohùn ṣọ̀kan lórí iye owó, adájọ́ ni yóò dá a. Wọn kò lè sọ pé àwọn kò tà. Ẹ tún wo ìyàlẹ́nu mìíràn: bí rédíò àtijọ́ ní Amẹ́ríkà bá gbé orin sáfẹ́fẹ́, ẹni tí ó kọ orin sílẹ̀ ni òfin ní kí wọ́n sanwó fún. Ẹni tí ohùn rẹ̀ ń dún kò ní ìpín kankan níbẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù kẹwàá, ọdún 2018, ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tuntun tí wọ́n pè ní Music Modernization Act, èyí tí ó dá àjọ kan sílẹ̀ láti máa gba irú owó íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ kan fún àwọn olùkọ̀wé, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2021. Ó dára, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Ọ̀rọ̀ òógùn alágbàṣe kì í ṣe ohun tuntun létí wa, a sì mọ iye àkókò tí wọ́n ní kí a fún un kí ó tó gbẹ. Ọdún mélòó ni a ti ń wò ó níhìn-ín?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní kọ̀ǹpútà nílé tí ẹ fi ń to orin pọ̀, ìbáà jẹ́ orin ìsọjí, orin ìgbéyàwó, tàbí ti ìpolówó ọjà. Mo mọ̀ pé àwọn mìíràn nínú yín ń bá ènìyàn gbe orin fún owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ọ̀sán. Ẹ kọ àdéhùn yín sílẹ̀ kí orin tó jáde. Ta ni ó kọ ọ̀rọ̀? Ta ni ó kọrin? Ìdá mélòó ni ti olúkúlùkù? Ẹ má sọ pé ọ̀rẹ́ ni yín. Nígbà tí kò sí owó nílẹ̀ ni gbogbo wa ń jẹ́ ọ̀rẹ́, a kò sì ṣàìmọ̀ ibi tí wọ́n ti pa á láṣẹ fún wa pé kí a máa kọ gbèsè àti àdéhùn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Bí ìwọ bá sì ni ọ̀gá, kọ orúkọ ẹni tí ohùn rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ rẹ sí ibi tí ojú lè rí i.

Blacc kò dúró kí ẹnikẹ́ni kọ tirẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013, ó fi gìtá àti ohùn lásán kọ orin náà lọ́tọ̀, ní orúkọ ara rẹ̀. Fídíò tí ó ṣe sí i dá lé àwọn tí ó ṣí wá sí Amẹ́ríkà láìní ìwé, tí ìjọba ń ya bàbá kúrò lára ọmọ. Àwọn kan nínú àwọn tí ó ṣeré nínú rẹ̀ kò fi ìyà náà ṣe eré, nítorí pé wọ́n ti jẹ ẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ kan náà, orin kan náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ èyí lẹ́yìn ti àgbo ijó yóò rò pé òun kò gbọ́ ọ rí. Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí lókè òkun, ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ.

Bí mo bá dá ọ̀rọ̀ dúró níhìn-ín, ẹ ó rò pé ẹni tí ó ní orúkọ ni ó jẹ ayé, tí ẹni tí ó ní ohùn sì jẹ ìyà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, èyí sì ni apá tí ó dùn mí jù nínú ìtàn náà.

Láàárín ọdún díẹ̀, Tim Bergling ṣeré níwájú èrò ní ìgbà tí ó lé ní 800. Lálẹ́ òní ó wà ní ìlú kan, lọ́la ó wà ní òmíràn, inú ọkọ̀ òfurufú ni ó ti ń sùn, bí oorun bá wá. Ẹni tí ojú ń tì ni nípa ẹ̀dá. Ìbẹ̀rù máa ń mú un kí ó tó gun pèpéle, ọtí ni ó sì fi ń lé ìbẹ̀rù náà. Òun fúnra rẹ̀ sọ èyí fún àwọn oníròyìn. Ní oṣù kìíní ọdún 2012, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 22, wọ́n dá a dúró sí ilé ìwòsàn ní New York fún ọjọ́ 11 nítorí pancreas rẹ̀ tí ó wú. Àìsàn tí ọtí máa ń dá sílẹ̀ ni. Ní ọdún 2013, ọdún tí "Wake Me Up" jáde, ó tún bá ara rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, ní Ọsirélíà lọ́tẹ̀ yìí. Ní ọdún 2014 wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ àpò òróòro rẹ̀ àti àpẹ́ńdíìsì rẹ̀. Ó sì tún padà sórí pèpéle.

Fíìmù kan tí wọ́n ṣe nípa ìgbésí ayé rẹ̀ jáde ní ọdún 2017, nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Nínú rẹ̀ a gbọ́ ọ lẹ́nu ara rẹ̀ pé òun ti sọ ọ́ fún àwọn ènìyàn òun léraléra pé òun kò lè ṣe é mọ́, pé ìrìn àjò náà yóò pa òun. Ohun tí wọ́n ń bá a sọ ni ọjọ́ tí wọ́n ti gba owó lé lórí. N kò mọ èyíkéyìí nínú wọn, n kò sì ní dá ẹnì kan lẹ́bi. Bóyá wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí iṣẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn bá so mọ́ ara ènìyàn kan ṣoṣo, ta ni yóò ní ìgboyà láti sọ fún un pé, "Lọ sinmi"?

Òun ni ó sọ ọ́ fún ara rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ní oṣù kẹta ọdún 2016 ó kéde pé òun yóò fi òde eré sílẹ̀, ó sì ṣe èyí tí ó kẹ́yìn ní Ibiza ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ní ọjọ́ 20, oṣù kẹrin, ọdún 2018, ó kú nítòsí ìlú Muscat ní ilẹ̀ Oman. Ọmọ ọdún 28 ni. Àwọn ọlọ́pàá ibẹ̀ ní ẹnikẹ́ni kò pa á. Ìwé tí ẹbí rẹ̀ gbé jáde lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ fi hàn pé ayé ti sú u, agbára rẹ̀ kò sì gbé e mọ́.

Mo mọ ohun tí a máa ń sọ nípa irú ikú bẹ́ẹ̀, mo sì mọ bí ó ti yá wa lẹ́nu tó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa á mọ́ra. Ìdájọ́ òkú wà lọ́wọ́ Ọlọ́hun, ti alààyè ni ó kàn wá. Bí ọ̀rẹ́ yín bá sọ pé ó ti rẹ òun, pé òun kò sùn, pé ohunkóhun kò dùn mọ́ òun nínú, ẹ má fi í ṣẹ̀sín pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò lágbára. Ẹ jókòó tì í. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà bí ẹ óò ṣe mú ẹni tí ibà dá gúnlẹ̀ lọ.

Kí a sì bi ara wa léèrè ohun tí ó kàn wá níbẹ̀. Ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹni tí ó ń pariwo pé kí ó tún ṣe é, ẹni tí ó bú u ní Miami nítorí pé ó mú gìtá jáde, ẹni tí ó gbọ́ orin náà ní ọgọ́rùn-ún ìgbà láìsan kọ́bọ̀, tí kò sì béèrè orúkọ ẹni tí ń kọ ọ́, gbogbo wa ni a jọ jẹ níbi àsè kan náà. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí orin. Ó kan oníwàásù tí a ń gbé kiri láti ìlú dé ìlú títí ohùn rẹ̀ fi há, ó sì kan aṣọ tí a wọ̀ tí a kò mọ ẹni tí ó rán an.

Ní ọdún 2019, àwọn òbí Tim Bergling dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ láti máa ran àwọn ọ̀dọ́ tí ìrònú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 5, oṣù kejìlá, ọdún náà, àwọn akọrin tí ohùn wọn wà nínú orin rẹ̀ pé jọ ní pápá ìṣeré ńlá kan ní Stockholm láti fi ṣe ìrántí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn tí ń jó sí ohùn wọn kò tíì rí lójú rí. Nígbà tí ó kan "Wake Me Up", Aloe Blacc jáde síwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, ó sì kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ojú gbogbo wọn rí ẹni tí ó ni ohùn náà. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lójú àwo kò sí láyé mọ́.